Kókó tó wà lára yín yẹn, ṣé ti nẹ́ẹ̀fù ni àbí ọ̀rá lásán? Ìfiwéra kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gé e

Mama kan wá sójú fèrèsé láàbù wa lọ́jọ́ kan, wọ́n na láílọ́ọ̀nù pure water sí mi. Kókó ló wà nínú ẹ̀, lókè ọrùn ọwọ́ wọn ló wà tẹ́lẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò, kílíníìkì kan ló gé e ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn, àwọn tó gé e kàn ní kí mama gbé e kiri wá ibi tí wọ́n ti máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀, kòsí fọ́málìn, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, kòsí nǹkankan, ó ti gbẹ bíi pọ̀nmọ́ tí wọ́n sá sórí páànù. Fọ́ọ̀mù tó bá a wá, "lump, hand" ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i.

Mama ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé jẹjẹrẹ ni?"

Mo ní, "Mama, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi yín ná. Kí wọ́n tó gé e, tí nǹkan bá gbá a, ṣé ó máa ń ta yín wọ inú àtàǹpàkò bí ìgbà tí iná bá gbé èèyàn?"

Wọ́n wò mí lójú. "Ta ló sọ fún ẹ?"

Kòsẹ́ni tó sọ fún mi. Ibi tí kókó yẹn wà ni nẹ́ẹ̀fù kan, okùn tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, ń gbà lọ sí ẹ̀yìn àtàǹpàkò, ká ní ẹnìkan ti bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn kó tó mú ọ̀bẹ ni, bóyá ibòmíì ni wọn ì bá ti gé e. Nísìn-ín ẹ̀yìn àtàǹpàkò yẹn ti kú, mama fi orí bírò gún un lójú mi, wọn ò mọ̀ ọ́n lára rárá.

Histology ni mò ń ṣe, èmi kọ́ ni dókítà o, àwa la máa ń gé ẹran tí wọ́n bá kó wá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tá a máa kùn ún lọ́dà kí dókítà tó wò ó lábẹ́ máíkíróskóòpù. Láti ibi tí mo jókòó sí, ohun tí mo rí ni pé ọ̀bẹ ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ kókó, ohun tẹ́ ẹ lè mọ̀ kí ọ̀bẹ tó kàn án pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ọ̀rọ̀ "iṣan" tiwa yìí náà tún ń dá kún wàhálà. Iṣan la pe ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan náà la pe okùn tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan náà tún ni èyí tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Bàbá á sọ fún dókítà pé "iṣan mi ló wú", dókítà á kọ nǹkan tó yé òun sílẹ̀. Torí ẹ̀, nẹ́ẹ̀fù ni mo máa pe ti ìkẹyìn yìí níbí jàre.

Ẹ fọwọ́ kàn án ná

Neurofibroma àti lípómà ni wọ́n máa ń ṣì mú fúnra wọn jù. Neurofibroma wá láti ara nẹ́ẹ̀fù, lípómà jẹ́ ọ̀rá, àwọn méjèèjì rọ̀, àwọn méjèèjì kì í sábà dunni, wọ́n sì máa ń rọra dàgbà débi pé tí dókítà bá bi yín pé ó tó ọdún mélòó ẹ ò ní lè sọ. Ibi tó wà ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n. Lípómà wà lábẹ́ awọ, ẹ lè fi ìka méjì fa awọ orí ẹ̀ sókè kí kókó fúnra ẹ̀ dúró sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì tẹ etí ẹ̀ á yọ̀ lábẹ́ ìka bíi ẹja àrọ̀ nínú báàfù. Neurofibroma orí awọ ní tiẹ̀, inú awọ gan-an ló ti hù, ẹ ò lè ya awọ kúrò lára ẹ̀. Ẹ fi orí ìka tẹ̀ ẹ́, á wọlé, bíi pé ihò kan wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ gbé ìka kúrò, á tún yọ padà. Ẹni tó bá ti tọ́jú ọmọ tí ìdodo ẹ̀ yọ síta rí á mọ ohun tí mò ń sọ, bó ṣe máa ń rí lábẹ́ ìka nìyẹn gẹ́lẹ́.

Ẹ má tíì pariwo "neurofibroma" o. Kókó kan wà tí wọ́n ń pè ní dermatofibroma, ẹsẹ̀ ló máa ń sábà wà, ó le bí ẹ̀wà tí ò jinná, ó sì máa ń dúdú ju awọ tó yí i ká lọ. Ìyẹn, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ látòkè kò ní wọlé, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì fún un láti ẹ̀gbẹ́, àárín ẹ̀ á jin kòtò. Látòkè fún neurofibroma, láti ẹ̀gbẹ́ fún dermatofibroma. Mo ti rí àwọn dókítà tuntun tó ń ṣe housemanship tó ń dà á rú.

Àwọn ẹran wẹ́wẹ́ tó máa ń so rọ̀ sọ́rùn àti abíyá, pàápàá lára àwọn tó sanra, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, ìdí ẹ̀ máa ń tín-ín-rín. Tí wọ́n bá gé e kúrò kò burú, ẹ sha má fi òwú dè é fúnra yín.

Sísì tó wà lábẹ́ awọ, àpò kékeré ni, ẹ wo orí ẹ̀ dáadáa, ojú ihò dúdú kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, tí wọ́n bá fún un nǹkan funfun á jáde tí òórùn ẹ̀ dà bíi wàrà tó ti kan. Kókó nẹ́ẹ̀fù kì í ní ihò, kì í sì í yọ nǹkankan. Kẹ́lọ́ìdì ńkọ́? Ìyẹn ní ìtàn, ó ti ní ojú ọgbẹ́, lílu etí, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìrorẹ́, ó wá ràn kọjá ojú ọgbẹ́ náà, ó le, ó ń yún. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i o, orí àpá náà ni kókó nẹ́ẹ̀fù kan máa ń wà, wọ́n ń pè é ní traumatic neuroma, wọ́n gé nẹ́ẹ̀fù níbì kan, bóyá nígbà iṣẹ́ abẹ tàbí kí ìgò ló ya á, nẹ́ẹ̀fù yẹn ń wá ọ̀nà àtihù padà, kò rí ibi tó máa lọ, ó wá lọ́ mọ́ra ẹ̀ bí òwú tí ológbò fi ṣeré. Kẹ́lọ́ìdì ń yún, èyí ní tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi ìka kan ibì kan báyìí lójú àpá ẹ máa fò sókè. Tí wọ́n bá ń gún kẹ́lọ́ìdì yín lábẹ́rẹ́ tí kò yé dùn yín, ẹ béèrè nípa èyí.

Schwannoma ló kàn, òun gan-an ni mo fura sí pé ó wà lọ́wọ́ mama yẹn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń wé mọ́ nẹ́ẹ̀fù bí rọ́bà ṣe ń wé mọ́ wáyà iná, orúkọ Theodor Schwann, ará Jámánì, ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Kókó tó bá jẹ́ pé kìkì sẹ́ẹ̀lì yẹn ló para pọ̀ di í ni schwannoma. Tí sẹ́ẹ̀lì yẹn bá pọ̀ mọ́ àwọn míì, tí okùn nẹ́ẹ̀fù fúnra ẹ̀ sì gba àárín ẹ̀ kọjá, neurofibroma nìyẹn. Fún oníṣẹ́ abẹ, gbogbo ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì ló wà nínú gbólóhùn méjì yẹn. Schwannoma jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́ẹ̀fù nínú àpò tiẹ̀, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ lè bó o jáde bí ẹ̀pà nínú èèpo, kí nẹ́ẹ̀fù ṣẹ́kù. Neurofibroma tó wà lára nẹ́ẹ̀fù ńlá dà bí irú tó ti yọ́ sínú ọbẹ̀, ẹ wá bi mí pé báwo lẹ ṣe fẹ́ yọ ọ́.

Schwannoma máa ń jìnlẹ̀ sí i, lábẹ́ awọ, lápá, lẹ́sẹ̀, lọ́rùn. Ó le ju lípómà lọ. Ẹ ronú okùn tí wọ́n nà sáàárín igi méjì, tí wọ́n wá ta kókó sí àárín ẹ̀: ẹ lè ti kókó yẹn sọ́tùn-ún sósì, àmọ́ ẹ ò lè tì í lọ sí ìdí igi kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni, schwannoma á mì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kò ní gbà kẹ́ ẹ tì í sókè sódò ní ọ̀nà tí nẹ́ẹ̀fù gbà. Tẹ́ ẹ bá wá fi orí ìka kàn án pẹ́pẹ́, á ta lọ sí ibi tí nẹ́ẹ̀fù yẹn ń lọ. Lípómà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ganglion ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ náà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn omi tó ki ló wà nínú ẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i nínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ á gba inú ẹ̀ kọjá.

Ti ọrùn le díẹ̀, torí kókó ọrùn nílẹ̀ wa, ikọ́ ẹ̀gbẹ lè fà á, ó lè jẹ́ nǹkan míì tó lágbára. Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ sábà máa ń ju ẹyọ kan lọ, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn, ara lè máa gbóná nírọ̀lẹ́, èèyàn á máa rù. Schwannoma ọrùn á dá wà, á pẹ́ níbẹ̀ láìṣe nǹkankan fún onítọ̀hún.

Ẹ̀tẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí àwọn èèyàn rò pé ó ti parí. Ó máa ń mú kókó wá sójú àti sí ìsàlẹ̀ etí, ó sì máa ń mú nẹ́ẹ̀fù wú, pàápàá èyí tó gba ẹ̀yìn ìgúnpá kọjá àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, tí wọ́n bá kàn fọwọ́ pa á wọ́n lè rò pé neurofibroma ni. Ohun tó máa ya wọ́n sọ́tọ̀ ni òwú. Ẹ yí òwú ṣóńṣó, ẹ fi kan ojú awọ tó bá ṣí, ibi tó pupa tàbí tó mọ́ ju ara tó kù lọ, kí onítọ̀hún dijú kó sọ ibi tẹ́ ẹ ti kàn án. Neurofibroma orí awọ kì í pa ìmọ̀lára awọ tó yí i ká, ẹ̀tẹ̀ ń pa á. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀, ó sì ń wo èèyàn sàn, ẹni tí wọ́n bá wá gé nẹ́ẹ̀fù ẹ̀ tó wú torí wọ́n rò pé kókó ni, wọ́n ti sọ ọwọ́ ẹ̀ di aláìlágbára lórí nǹkan tí oògùn ì bá wò.

Ní abúlé tó bá sún mọ́ odò tó ń ṣàn kíákíá, kókó líle tó bá wà lórí eegun ìbàdí tàbí ìhà, tí kò dunni, ó lè jẹ́ aràn tí eṣinṣin odò ń gbé kiri, àwọn tó ń pín Mectizan, oògùn aràn yẹn, á mọ̀ ọ́n.

Ẹyọ kan ni àbí wọ́n pọ̀?

Ẹ bọ́ aṣọ. Ẹ dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà, kí ẹnìkan tẹ́ ẹ fọkàn tán wo ẹ̀yìn yín. Neurofibroma ẹyọ kan lára àgbàlagbà, ọ̀pọ̀ ìgbà kò ní ìtumọ̀ kankan ju pé kókó kan wà níbẹ̀ lọ. Tó bá ti di méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ NF1 (neurofibromatosis irú kìíní) ti wọlé nìyẹn, àìsàn tó máa ń mú kókó nẹ́ẹ̀fù pọ̀ lára, tí Friedrich von Recklinghausen ṣàlàyé ní Jámánì ní 1882, ó máa ń wà lára bí ọmọ 1 nínú 3,000 tí wọ́n bá bí.

Àwọ̀ ara ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi mọ̀ ọ́n kí kókó tó yọ rárá. Àwọn ìwé ìṣègùn fi àmì yẹn wé kọfí tí wọ́n da mílíìkì sí, àpèjúwe yẹn dáa fún òyìnbó, lára àwa dúdú ó máa ń ṣókùnkùn ju awọ tó kù lọ ni, bíi kọfí tí wọn ò da nǹkankan sí, etí ẹ̀ mọ́ lórí, ojú ẹ̀ tẹ́jú, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á kò ga. Wọ́n gbọ́dọ̀ tó 6 ó kéré tán. Lára ọmọ tí kò tíì bàlágà, ẹ ka èyí tó bá ju 5 mm lọ, lára ẹni tó ti bàlágà, èyí tó bá ju 15 mm lọ, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹ wá gbé apá sókè, ẹ wo abíyá, tẹ́ ẹ bá rí àmì tótòtó bíi pé wọ́n fi bírò to o síbi tí oòrùn kì í dé, ìyẹn jẹ́ ẹ̀rí míì, bẹ́ẹ̀ náà sì ni tó bá wà níbi tí itan ti pàdé ara. Dókítà ojú náà lè rí kókó kékeré nínú ojú, ẹ̀yin ò ní rí i nínú dígí. Ìlànà tí wọ́n tún ṣe ní 2021 sọ pé ẹ̀rí méjì ló yẹ kó pé, àmọ́ tí bàbá tàbí ìyá bá ti ní in, ẹyọ kan tó. Ní nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní in, kò sẹ́nìkan nínú ẹbí tó ní in rí, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn ẹbí ọkọ yé bi ìyàwó pé ilé ta ló ti gbé e wá.

Àwọn kókó yìí máa ń pọ̀ sí i nígbà ìbàlágà àti nígbà oyún. Mo ti gbọ́ kí wọ́n ní àwọn ayé ló fún aboyún ní kókó sára. Oyún ló ń mú un dàgbà.

Tó bá jẹ́ schwannoma ló pọ̀, ojú ọ̀nà míì nìyẹn, ẹ béèrè nípa etí: ṣé etí ń hó, ṣé ẹ ò gbọ́ràn mọ́ dáadáa, ṣé òòyì ń kọ́ yín? Àìsàn míì tí wọ́n ń pè ní NF2 máa ń gbé schwannoma sí nẹ́ẹ̀fù etí méjèèjì. Ọmọ ìyá kọ́ ni òun àti NF1, jíìnì tó fa NF1 wà lórí krómósómù 17, ti NF2 wà lórí 22.

Skáànù, abẹ́rẹ́, àbí ọ̀bẹ

Kókó kékeré tó wà nínú awọ, tó rọ̀, tó ń wọlé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tí kò yí padà láti ọdún pípẹ́ wá, ẹ ò nílò skáànù kankan. Tó bá ń dí yín lọ́wọ́, tàbí kọ́là ń ha á, dókítà awọ á gún ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora, á yọ ọ́, á gbé e wá fún wa, ó parí.

Èyí tó wà lábẹ́ awọ, tó sì ń ta, ultrasound ló yẹ kó ṣáájú. Owó ẹ̀ kéré sí ti MRI púpọ̀, tọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é bá mọ́ ọn, á rí i pé nẹ́ẹ̀fù ń wọ kókó yẹn láti ìhín, ó ń jáde lọ́hùn-ún, bíi pé ó nírù. Kòsí lípómà tó nírù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ sọ fún un o, ẹ ní "ó máa ń ta mí lọ síbí", torí tí wọ́n bá kàn kọ "lump" sí fọ́ọ̀mù, á wọn gígùn àti ìbú ẹ̀, á kọ "soft tissue mass", ẹ ti sanwó lásán. MRI dáa fún èyí tó tóbi, tó wà nítòsí ọ̀pá ẹ̀yìn, tàbí tó jin sí abíyá àti ọrùn. Mi ò rí ìdí tí wọ́n fi ń ní kí ẹni tó ní kókó bí àgbàdo lọ ṣe MRI, àmọ́ mo ti rí i.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa sẹ́ẹ̀lì, FNAC, òun ni mo máa mú fún kókó ọrùn tí wọ́n fura sí pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, ó yá, ó rọrùn. Fún kókó nẹ́ẹ̀fù, rárá. Tó bá jẹ́ schwannoma, abẹ́rẹ́ yẹn á gbé aláìsàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, sẹ́ẹ̀lì tó máa jáde kò sì ní tó nǹkan, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Àwa á wá kọ "inadequate", ẹ máa tún padà wá.

Gígé díẹ̀ lára ẹ̀ tàbí yíyọ gbogbo ẹ̀? Tó bá ti lè jẹ́ schwannoma, ẹni tó mọ iṣẹ́ nẹ́ẹ̀fù ni kẹ́ ẹ wá, kó yọ ọ́ lódindi. Ẹ̀yà neurofibroma kan wà tí wọ́n ń pè ní plexiform, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án á dà bí ìfun ẹran nínú láílọ́ọ̀nù, NF1 ló máa ń fà á, ọ̀pọ̀ ìgbà ó ti wà láti kékeré. Ìyẹn kì í ṣe ti kílíníìkì kékeré rárá rárá, ó máa ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì ti wọ inú nẹ́ẹ̀fù. Fún ọmọ ọdún 2 sókè tí tiẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu tí wọn ò lè gé, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn selumetinib ní 2020, owó ẹ̀ ga gan-an.

Plexiform yẹn náà ló yẹ kó máa bà yín lẹ́rù tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù jẹjẹrẹ. Nínú 100 èèyàn tó ní NF1, bí 8 sí 13 ni jẹjẹrẹ nẹ́ẹ̀fù lè mú ní gbogbo ayé wọn, láti ara èyí tó jinlẹ̀ ni, àwọn wẹ́wẹ́ orí awọ kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Kókó tó ti wà fún ọdún mẹ́wàá tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ga láàárín oṣù díẹ̀, tó le, tó ń dùn lóru tẹ́ ẹ ò fọwọ́ kàn án, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ sì ń rọ, ẹ gbé ìyẹn lọ sí tíṣìn ọsibítù lọ́sẹ̀ yẹn.

Lábẹ́ máíkíróskóòpù ní tiwa, kò sábà ṣòro. Schwannoma máa ń ní ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti tò bí ọmọ iléèwé ní assembly, ìlà méjì tó dojú kọra wọn, àárín wọn ṣófo, dókítà kan tó ń jẹ́ Verocay ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ ní 1910. Neurofibroma ò létò, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ wọ́ bíi kọ́mà tí ọmọdé dà sórí ìwé. Tó bá rú wa lójú, a máa fi ọ̀dà kan tí wọ́n ń pè ní S100, tó ń mú sẹ́ẹ̀lì Schwann hàn, kùn ún, owó ẹ̀ yàtọ̀, kì í ṣe gbogbo láàbù ló ní in. Ti mama yẹn, a gé e, a kùn ún, ó ti jẹrà jù, ohun tí dókítà rí kọ ò ju pé ó jọ ti nẹ́ẹ̀fù, kò jọ jẹjẹrẹ. Èwo nínú méjèèjì? Kòsẹ́ni tó lè sọ mọ́. Mama ní kò burú, pé tí kò bá ṣáà ti jẹ́ jẹjẹrẹ. Wọ́n tún wá fi ìka pa àtàǹpàkò yẹn wò.

Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gé tiyín, ẹ béèrè fọ́málìn kẹ́ ẹ tó dùbúlẹ̀. Kì í ṣe spirit, kì í ṣe omi, kì í ṣe dírípù. Kí fọ́málìn tó ìlọ́po 10 kókó yẹn, kí wọ́n kọ ibi tó wà, ọdún tó ti wà níbẹ̀, bóyá ó ń ta, àti iye àmì ara sí fọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá gba èsì, ẹ ya nọ́ńbà láàbù tó wà lórí ẹ̀ sí fóònù, torí a máa ń tọ́jú ẹran yẹn nínú àbẹ́là, wọ́n lè tún un kùn lọ́jọ́ iwájú láìgé yín mọ́. Ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò ni kẹ́ ẹ lò o. Fọ́málìn máa ń mú ẹran le, èyí tó rọra wọ ẹnu ìgò oògùn ikọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gé e kò ní jáde lọ́jọ́ kejì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a fọ́ ìgò kan ká tó rí tiẹ̀ yọ.